Bí ẹ̀kọ́ tí ẹnì kan lọ gbà ṣe lè di ti gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́mù

Ìbéèrè: "Mùsíọ́mù wa kò tóbi. Àwa mẹ́fà la ń gbowó oṣù, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ sì lé ní ogún. Lọ́dọọdún la máa ń wá owó rán ẹnì kan lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Tó bá dé, á kọ ìròyìn, a ó fi í sínú fáìlì, nǹkan á sì máa lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda ń ráhùn pé ẹnu ọ̀nà nìkan la fi àwọn sí, àwọn ò rí nǹkan kan kọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò ẹ̀kọ́ ọdún tó ń bọ̀, owó ọwọ́ wa ò sì pọ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì wá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan kiri. Ẹ mú bébà ńlá kan, kí ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tó ń lọ nínú mùsíọ́mù yín sí apá òsì, láti orí ṣíṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ títí dé orí fífún ohun tuntun tó wọlé ní nọ́ńbà. Níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè ṣe é dáadáa lónìí láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ ó rí àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ pé orúkọ kan ṣoṣo ló wà níwájú wọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí èyí tí kò ní orúkọ rárá, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ìlà wọ̀nyẹn gan-an ni ètò ẹ̀kọ́ ọdún tó ń bọ̀.

Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé, bí mo ṣe ka ìwé yín, ẹ̀kọ́ kọ́ ló wọ́n yín. Ẹ̀kọ́ ń wọlé lọ́dọọdún. Ara ẹni tó gbé e wọlé ló ń mọ sí, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá sì kúrò, ó gbé e lọ. Ẹni tí ẹ rán lọ kò jẹ̀bi. Ó dé bá iṣẹ́ tó ti gun orí ara wọn lórí tábìlì, ọ̀gá ní kó kọ ìròyìn, ó kọ ọ́. Ta ló yọ àkókò sílẹ̀ fún un kó lè fi ohun tó kọ́ han àwọn yòókù? Ta ló sọ fún un kó tó lọ pé ohun báyìí la fẹ́ kó bá wa wò lọ́hùn-ún?

Ìgbàkigbà tí ẹ bá tún máa rán ẹnì kan lọ, kó tó lọ, ẹ pe gbogbo ilé jọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tòṣìṣẹ́ tolùyọ̀ǹda, kí ẹ fẹnu kò lórí ìbéèrè mẹ́ta tí yóò bá yín béèrè. Ẹ fẹnu kò pẹ̀lú lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí yóò kó àwọn míì mọ́ra láti ṣe láàárín oṣù kan tó bá padà dé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀gá buwọ́ lù ú. Bí ọ̀gá kò bá fẹ́ buwọ́ lù ú, ẹ má náwó ìrìn àjò náà. Ọ̀rọ̀ yẹn lè le létí, àmọ́ owó tí kò pọ̀ kò yẹ kó di ohun tí ẹnì kan ṣoṣo jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi yàrá ìkẹ́rùpamọ́ ṣe àpẹẹrẹ. ICCROM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú ohun àjogúnbá, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Róòmù, ní ọ̀nà ìṣiṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní RE-ORG. Àwọn mùsíọ́mù kéékèèké tí ẹrù ti kún yàrá wọn dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ní lọ́kàn. Lára òṣùwọ̀n rẹ̀ ni pé kí ẹrù kankan má ṣe wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ tí a ó fi lè rí i láàárín ìṣẹ́jú 3, kí a sì lè mú un jáde láìgbé ju nǹkan 2 lọ kúrò lójú ọ̀nà. Bí ẹni tí ẹ rán lọ bá kọ èyí sínú ìròyìn, wọn ò ní rántí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ kí ó sọ ọ́ di ìdánwò. Kí ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù, kí ó mú nọ́ńbà márùn-ún láìṣàyàn, kí ó fún òṣìṣẹ́ kan àti olùyọ̀ǹda kan, kí wọ́n jọ wọ yàrá lọ wá wọn, kí ẹlòmíràn máa wo aago. Lẹ́yìn náà kí wọ́n yí i padà: kí wọ́n mú nǹkan márùn-ún lórí pẹpẹ, kí wọ́n wá wọn nínú ìwé. Kí wákàtí kan tó pé, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á ti mọ ohun tí àkọsílẹ̀ wúlò fún, wọ́n á ti rí ibi tó ti já, wọ́n á sì ti máa bá ara wọn jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n to pẹpẹ. Ìjiyàn yẹn ni kí ẹ máa wá. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ohun tí olúkúlùkù mọ̀ tí kò tíì sọ rí.

Ohun tí mo ń dábàá fún yín, ní pàtàkì, ni wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́ kan náà, àsìkò kan náà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìpàdé mìíràn gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Kì í ṣe àsìkò tí ẹnì kan ó dúró síwájú máa sọ̀rọ̀. Ẹ fi ohun kan, tàbí igun kan nínú ilé náà, sí àárín. Ẹni méjì ni kó darí rẹ̀: ẹni tó mọ iṣẹ́ náà àti ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ́ ọ ni yóò kọ ojú ìwé kan lórí ohun tí wọ́n ṣe, òun náà ni yóò sì kọ́ àwọn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọjọ́ tiwọn bá dé. Ọ̀pọ̀ olùyọ̀ǹda kì í wá ju ọjọ́ kan lọ lọ́sẹ̀, nítorí náà kíkọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i báyìí pọn dandan. Àǹfààní rẹ̀ sì jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó mọ̀ pé òun ni yóò kọ́ni lọ́jọ́ Sátidé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè bí ẹni tó ń gbọ́ ọ kọjá.

Kí lẹ ó máa kọ́ nínú wákàtí náà? Ìdajì ti wà lórí bébà ńlá yẹn. Fún ìdajì tó kù, àwọn onímọ̀ Canadian Conservation Institute, iléeṣẹ́ ìtọ́jú ohun àjogúnbá ní Kánádà, ti to àwọn ohun tó ń ba ẹrù mùsíọ́mù jẹ́ sí ọ̀nà 10: agbára tó ń gbo nǹkan tàbí tó ń fọ́ ọ, olè àti àwọn abanǹkanjẹ́, iná, omi, kòkòrò àti eku, èérí inú afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀, ooru tí kò ṣe déédéé, ọ̀rinrin tí kò ṣe déédéé, àti kí ohun kan yapa kúrò lọ́dọ̀ ìtàn rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan. Ẹ rìn yí ilé ká, kí ẹ máa wá ọ̀kan yẹn nìkan.

Lọ́sẹ̀ kòkòrò, ẹ má ṣe fi ẹni tó ń gbálẹ̀ sílẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ rí lẹ́búlẹ́bú igi lábẹ́ ère. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un pé lẹ́búlẹ́bú tuntun lè jẹ́ àmì pé kòkòrò ajẹgi ṣì wà láàyè nínú ère náà, á máa fi tọkàntọkàn gbá àmì yẹn dànù láràárọ̀. Lọ́jọ́ tó bá mọ̀, kò sí ojú tó ń ṣọ́ ère náà tó tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀ṣọ́ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀. Ìbàjẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe kì í padà, ó sì ń kóra jọ ni: ìdajì ìmọ́lẹ̀ fún ìlọ́po méjì àkókò, ìbàjẹ́ kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí ìmọ́lẹ̀ orí aṣọ àti bébà má ju bíi 50 lux (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) lọ. Ẹ mú aṣọ kan tó ti pẹ́ lójú àfihàn, kí ẹ rọra fi abẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀ wé ojú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ àwọ̀ méjèèjì kò nílò kí ẹnikẹ́ni rán an létí láti fa kọ́tìnnì nígbà tí àlejò tó kẹ́yìn bá jáde.

Ọ̀sẹ̀ omi ni kí ẹ pe àwọn mùsíọ́mù àdúgbò sí. Ẹ rẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ àti àkísà sómi, ẹ dà wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ ṣe bí ẹni pé ẹrù yín ni. Bébà tó rin lè bẹ̀rẹ̀ sí í hu èbù láàárín wákàtí 48, nítorí náà ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kì í ṣe kékeré: ta lẹ ó kọ́kọ́ pè? Ọ̀dọ̀ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lóru? Ibo ni ọ̀rá àti tábìlì wà? Kí lẹ ó kọ́kọ́ gbé? Ẹ̀yin tí ẹ jọ ṣe èyí lónìí lẹ ó lè pe ara yín lọ́jọ́ tí òjò bá wọlé ní tòótọ́.

Ọ̀kan lára mẹ́wàá yẹn, kí ohun yapa kúrò lọ́dọ̀ ìtàn rẹ̀, ló ń dà mí láàmú jù. Kì í pariwo bí iná. Nọ́ńbà ja bọ́ lára ìlù kan, ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sórí páálí rẹ̀ parẹ́, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ pé ọ̀pá báyìí ló bá ìlù yẹn wá sì fẹ̀yìn tì. Ìlù ṣì wà lórí pẹpẹ, àmọ́ a ti pàdánù rẹ̀. Bí ẹ bá ní àgbà òṣìṣẹ́ tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ẹ má dúró de ọjọ́ ayẹyẹ ìdágbére. Ẹ bá a jókòó nínú yàrá ìkẹ́rùpamọ́, pẹ̀lú ọ̀dọ́ olùyọ̀ǹda kan. Ẹ má gbé ìwé ìbéèrè gígùn lé e lọ́wọ́, ẹrù gan-an ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀. Ta ló mú èyí wá? Kí ló bá a wá? Ṣé wọ́n ti tún un ṣe rí? Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì jù, torí òun ló ń ya ohun tó fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ, kí ẹ tó fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ohùn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ òní, orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, orúkọ ẹni tó ń gbà á sílẹ̀, àti nọ́ńbà ẹrù náà. Kí olùyọ̀ǹda yẹn kọ kókó rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ilé mìíràn. Nígbà tí iná jó Mùsíọ́mù Orílẹ̀-èdè Brazil ní Rio de Janeiro lálẹ́ ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018, lára ohun tó bá a lọ ni ohùn àwọn elédè ìbílẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, títí kan àwọn èdè tí kò sí ẹni tó ń sọ wọ́n mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ mùsíọ́mù bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ gbogbo ẹni tó ti ya fọ́tò níbẹ̀ rí pé kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ó ń dùn mí títí di òní tí mo bá rántí.

Lórí àwọn olùyọ̀ǹda, ìráhùn wọn tọ̀nà. Ìlànà ìwà tí ICOM, ìgbìmọ̀ mùsíọ́mù àgbáyé, fọwọ́ sí ní 1986, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2004, sọ ọ́ kedere pé kí ẹ̀kọ́ máa tẹ̀ síwájú fún gbogbo òṣìṣẹ́, ó sì ní kí mùsíọ́mù ní ètò lórí ìwé nípa iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda, èyí tí yóò mú kí àárín àwọn àti òṣìṣẹ́ gún. Ẹ wá ìwé náà kà, kí ẹ mú un lọ bá ọ̀gá yín. Ẹni tí kò gbowó, ẹ̀kọ́ àti ọ̀wọ̀ ni owó oṣù rẹ̀. Nítorí náà, mi ò fara mọ́ kí ẹ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tiwọn lọ́tọ̀, kí ẹ ṣe ti òṣìṣẹ́ lọ́tọ̀. Wákàtí kan náà ni kí gbogbo yín jọ lò.

Ẹ béèrè ohun tí àwọn náà mọ̀ kí wọ́n tó wá. Nínú ẹni tó lé ní ogún, ó dájú dé àyè kan pé ẹ ó rí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, káfíńtà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó mọ̀ nípa ìṣirò owó. Káfíńtà á sọ ohun tó mú kí pẹpẹ yín máa tẹ̀ fún yín. Olùkọ́ á fi han àwọn afinimọ̀nà bí a ṣe ń dá ogójì ọmọ dúró láìpariwo. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ààlà kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi olùyọ̀ǹda rọ́pò ẹni tó yẹ kí wọ́n máa sanwó fún. Bí òṣìṣẹ́ bá ti fura pé ohun tí òun ń kọ́ni ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́, mi ò sì ní dá a lẹ́bi.

Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri nílò ẹ̀kọ́ tó yàtọ̀ díẹ̀. Abigail Housen àti Philip Yenawine gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Visual Thinking Strategies (ọgbọ́n fífi ojú ronú), ìbéèrè mẹ́ta péré ló gbé e ró: kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán yìí? Kí lẹ rí tó mú yín sọ bẹ́ẹ̀? Kí la tún lè rí? Ẹ fi dánra wò láàárín ara yín lórí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò mọ̀ dáadáa. Ó máa ń yani lẹ́nu bí òṣìṣẹ́ tó ti kọjá níwájú ohun kan lójoojúmọ́ kò ṣe tíì wò ó rí. Síbẹ̀, ìbéèrè nìkan kò tó. Níbi tí ìtàn bá ti wúwo, tàbí tí ohun náà bá jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ fún àwọn tó ni ín, afinimọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò dákẹ́ ìbéèrè tí yóò sì sọ òtítọ́ tó mọ̀.

Kí àwọn afinimọ̀nà máa tẹ̀ lé ara wọn ní méjì-méjì. Kí wọ́n ti fẹnu kò ṣáájú lórí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ wò, bóyá bí ó ṣe ń dúró de ìdáhùn pẹ́ tó lẹ́yìn tó bá béèrè ọ̀rọ̀. Ìkọ̀kọ̀ ni kí wọ́n ti sọ ọ́, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò. Ẹ fi ìwé kan sí ẹnu ọ̀nà fún ìbéèrè àlejò tí ẹnikẹ́ni kò rí dáhùn. Àwọn olùyọ̀ǹda yín tó ń dúró níbẹ̀ ló ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ẹ mú ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ jọ wá ìdáhùn rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń ráhùn lé lórí ni ìmọ̀ ti ń wọlé.

Nígbà tí àfihàn kan bá parí, tàbí tí nǹkan bá ku díẹ̀ kó bàjẹ́, ẹ jókòó fún ogún ìṣẹ́jú: kí la fẹ́ ṣe, kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló fa ìyàtọ̀, kí la ó ṣe nígbà mìíràn? Kí ọ̀gá kọ́kọ́ sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe dáadáa. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹlòmíràn ò ní sọ tirẹ̀.

Ẹ kíyè sí èyí: ẹ̀kọ́ láàárín ara ẹni máa ń tan àṣìṣe náà kálẹ̀ kíákíá. Ẹ wo ìbọ̀wọ́ funfun aláṣọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni a fi ń di gbogbo nǹkan mú, ẹnì kan kọ́ ọ fún ẹlòmíràn, ó di òfin. Àmọ́ lórí bébà, ọwọ́ tí a fọ̀ tó sì gbẹ ló máa ń dára jù, torí ìbọ̀wọ́ aláṣọ kì í jẹ́ kí ìka mọ ohun tó dì mú, ó sì lè fa etí ìwé ya. Irin ló yẹ kí a fi ìbọ̀wọ́ nitrile, èyí tó dà bíi rọ́bà, mú, kí òógùn ọwọ́ má baà jẹ ẹ́. Nítorí náà, kí ẹni tó mọ̀ jù ka gbogbo ojú ìwé tí ẹ bá kọ kó tó wọ fáìlì. Àwọn nǹkan míì sì wà tí kò yẹ kí ẹ fi dánra wò rárá. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń fi arsenic, májèlé kan, tọ́jú awọ ẹran àti ẹyẹ tí wọ́n kì ní nǹkan fún àfihàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọn eruku irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Lílẹ ohun tó fọ́, lílo oògùn apakòkòrò, àti ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ti onímọ̀ ni.

Ẹgbẹ́ WhatsApp dára fún pípe ara yín, kò dára fún fífi ìmọ̀ pamọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá lọ sókè níbẹ̀ ti lọ. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wúlò bí ẹni mẹ́ta bá jọ wò ó tí wọ́n sì dúró sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹnì kan tó ń dá wò ó lálẹ́ yóò gba ìwé ẹ̀rí, ìyẹn náà ò burú, àmọ́ kò yanjú ìṣòro yín.

Ẹ bẹ ọ̀gá fún oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ọdún kan. Ní ìparí rẹ̀, ẹ má ka iye ènìyàn tó wá tàbí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà. Ẹ ka iye iṣẹ́ tó ti ní orúkọ kejì. Ẹ tún ìdánwò ìṣẹ́jú 3 ṣe, kí ẹ wo iye tí wọ́n rí.

Ní ti owó, ẹ pín in báyìí. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, pẹ̀lú pańpẹ́ kòkòrò tó ń lẹ̀. Ẹ fún àwọn olùyọ̀ǹda ní owó ọkọ̀ lọ́jọ́ ẹ̀kọ́, torí ẹni tó máa wọkọ̀ wá fún wákàtí kan péré ń ṣírò rẹ̀ bí kò tilẹ̀ sọ. Èyí tó kù, ẹ má fi rán ẹnikẹ́ni lọ lọ́dún tó ń bọ̀ yìí. Ẹ bá mùsíọ́mù méjì tó sún mọ́ yín sọ̀rọ̀, ẹ jọ dá owó, kí ẹ pe onímọ̀ ìtọ́jú ẹrù kan wá fún ọjọ́ méjì. Ẹ ti fi fọ́tò ohun tó ń da yín láàmú ránṣẹ́ sí i ṣáájú, kí ẹ sì sọ fún un pé kò sí pátákó, kò sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú: inú yàrá ìkẹ́rùpamọ́ yín ni yóò ti kọ́ni, lórí ẹrù yín, pẹ̀lú ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀.